Ibà Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ní FMF

Àwọn kan wà tí ibà máa ń dé bá lójijì, tí inú á máa run wọ́n débi pé wọn ò lè nàró, tí ara wọn á sì tún yá pátápátá lọ́jọ́ kẹta bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó tún dé. Irú wọn ni mo kọ èyí fún, àti fún ẹni tó ń bá wọn gbé inú ilé. Àìsàn àjogúnbá tó ń mú ibà wá léraléra kò mọ sí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n FMF ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, òun ni mo sì gbájú mọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, dókítà yín ló ni àṣẹ. Ohun tó wà níhìn-ín wà láti jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó bi í.

Kí ni FMF gan-an?

Àìsàn tí wọ́n ń bí mọ́ni ni. Familial Mediterranean Fever ni orúkọ tí ẹ ó bá nínú ìwé dókítà, FMF ni wọ́n gé e kúrú sí. Jíìnì kan, ìyẹn ìlànà àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tó ń jẹ́ MEFV ló ní àbùkù. Jíìnì yìí ló ń darí bí ara ṣe ń ṣe pròtéènì kan tí wọ́n ń pè ní pyrin, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló sì wà. Iṣẹ́ pyrin ni kó fura bí kòkòrò àrùn bá ń da sẹ́ẹ̀lì láàmú, kó sì ta ara lólobó. Ti ẹni tó ní FMF máa ń ta ara lólobó nígbà tí kòkòrò kankan ò sí níbẹ̀. Ara á wá tú èròjà kan tó ń jẹ́ interleukin-1 síta, ibà á dé, awọ fẹ́lẹ́ tó bo ìfun, ẹ̀dọ̀fóró tàbí oríkèé á wú, á gbóná, á sì máa dunni. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Dókítà Sheppard Siegal kọ nípa rẹ̀ ní New York ní 1945. Àmọ́ ó di 1997 kí ikọ̀ onímọ̀ méjì, tí ọ̀kan wà ní Faransé, tó rí jíìnì náà gan-an. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní in lónìí ti ń ṣàìsàn kí àyẹ̀wò rẹ̀ tó wà rárá.

Ṣé ó ń ràn?

Rárá. Ẹ lè jọ jẹun nínú àwo kan, kí ẹ jọ sùn lórí ibùsùn kan. Kò sí kòkòrò tó lè kúrò lára ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíràn. Ìdí kan náà nìyẹn tí oògùn apakòkòrò kì í fi í ṣe é ní nǹkan kan. Ibà náà ìbá lọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, oògùn tí a lò lọ́jọ́ kejì la sì máa ń yìn fún un.

Báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ibà mìíràn?

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ibà ẹ̀fọn, táífọ́ọ̀dù, àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀ àti àwọn yòókù wò, nítorí àìsàn tó lè pani kíákíá la máa ń kọ́kọ́ wá. Ohun tó yẹ kó mú èèyàn fura sí FMF ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn. Ó dé lójijì, ó lé ní 38°C, nígbà mìíràn ó ń dé 40°C, kò sí ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn, ó lo wákàtí 12 sí 72, ó sì lọ. Kó tó tún dé, ara le koko.

Inú rírun ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe lọ́wọ́: ẹ̀gbẹ́ ló fi dùbúlẹ̀, ó ká orúnkún mọ́ra, kò fẹ́ kí aṣọ ìbora kan ikùn òun, bó bá sì fẹ́ yí padà, á kọ́kọ́ dá èémí dúró. Ikùn náà á le, ìgbẹ́ kì í sì í sábà lọ. Àwọn mìíràn, ẹ̀gbẹ́ àyà kan ló máa ń gún wọn tí wọ́n bá mí kanlẹ̀. Àwọn kan, orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wú, tó sì lè pẹ́ ju ibà náà lọ kó tó fà.

Àmì kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò dáadáa: awọ ojúgun tàbí agbègbè ọrùn ẹsẹ̀ tó pọ́n, tó gbóná, tó sì ń dunni bí a bá fọwọ́ kàn án. Lára ẹni dúdú, pípọ́n náà lè má hàn gbangba. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ ooru rẹ̀ wò, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kejì díwọ̀n rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa ń yọ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá bá ibà àti inú rírun rìn, ẹ rí i pé dókítà rí i lójú, tàbí kí ẹ yà á ní fọ́tò kó tó parẹ́.

Nínú ènìyàn 10 tó ní FMF, nǹkan bí 9 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ 20 ọdún. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n ń sọ pé ó “máa ń ṣàìsàn jù” nílé ìwé yẹ lẹ́ni tí à ń fara balẹ̀ yẹ̀ wò.

Bàbá mi kò ní in, ìyá mi kò ní in. Báwo ni mo ṣe jogún rẹ̀?

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ AS àti SS. Ẹ̀dà jíìnì MEFV méjì ni olúkúlùkù ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo ní àbùkù ń gbé e kiri lásán ni, kì í sábà ṣàìsàn. Bí tọkọtaya bá jọ ń gbé e kiri, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ tí wọ́n bá bí yóò ní àìsàn náà, ìdá méjì nínú mẹ́rin ni pé yóò kàn máa gbé e kiri, ìdá kan tó kù ni pé kò ní gba nǹkan kan rárá. Ìṣírò yìí ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Pé ọmọ àkọ́kọ́ ní in kò sọ pé ìkejì ti bọ́.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé àwọn kan wà tí wọ́n rí àbùkù lára ẹ̀dà kan ṣoṣo, síbẹ̀ tí ibà náà ń ṣe wọ́n gidi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èsì àyẹ̀wò nìkan sọ fún yín pé kò sí ohun tó ń ṣe yín.

Mo sì fẹ́ sọ èyí fún àwọn ìyá, nítorí àwọn ni ẹ̀bi máa ń pa jù: kò sí ohun tí ẹ jẹ tàbí tí ẹ ṣe nínú oyún tó fà á.

Ta ló sábà máa ń ní in?

Àwọn tí ìran wọn wá láti etí Òkun Mẹditaréníà àti agbègbè rẹ̀: àwọn ará Tọ́kì, ará Àméníà, àwọn Júù àti àwọn Lárúbáwá. Ní Tọ́kì, nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 ló ní in. Láàárín àwọn ìran kan, ẹnì kan nínú 5 lè máa gbé jíìnì náà kiri láìmọ̀. Kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 fi hàn pé àbùkù tó wà lára pyrin ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì funfun gbógun ti kòkòrò àrùn burúkú tí eégbọn ara eku ń gbé kiri, èyí tó pa àìmọye ènìyàn láyé àtijọ́. Èrò àwọn tó ṣe ìwádìí náà ni pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń gbé jíìnì yìí kiri yè é ju àwọn yòókù lọ. Mo fẹ́ràn àlàyé yìí, nítorí ó jẹ́ ká rí i pé ohun tó ń ni ọmọ lára lónìí ṣeé ṣe kó ti gba baba ńlá rẹ̀ là.

Wọ́n ti rí i ní Ítálì, ní Gíríìsì àti ní Japan pẹ̀lú. Láàárín àwọn ìran tí kò bá agbègbè yẹn tan, ó ṣọ̀wọ́n, ìyẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kó pẹ́ kí dókítà tó rò ó.

Àyẹ̀wò wo ni wọ́n máa ń ṣe?

Ìtàn yín ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́. FMF jẹ́ ohun tí dókítà ń fi bó ṣe ń ṣe aláìsàn mọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CRP àti ESR, tó ń fi hàn bóyá nǹkan ń wú, tó ń gbóná nínú ara, máa ń ga gan-an lásìkò tí ibà bá wà níta, wọ́n sì sábà máa ń wálẹ̀ tó bá lọ. Ìdí nìyí tó fi dára kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín nígbà tó ń ṣe yín lọ́wọ́, kí wọ́n sì tún gbà á nígbà tí ara yín bá yá. Àyẹ̀wò jíìnì máa ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ó tún ń sọ irú àbùkù tó jẹ́, torí èyí tí wọ́n ń pè ní M694V, bó bá wà lára ẹ̀dà méjèèjì, sábà máa ń le ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí. Kò gba kí ẹ kọ púpọ̀. Bí àpẹẹrẹ: “Ọjọ́ Ẹtì, aago 4 ìdájí, òtútù ń mú mi. Aago 6, 39.2°C, inú ń run mí láti ìdodo. Àbámẹ́ta, mi ò dìde. Àìkú lọ́sàn-án, ibà ti lọ, mo jẹun.” Ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú rẹ̀ ń ran dókítà lọ́wọ́ ju kí ẹ sọ pé “ó máa ń ṣe mí” lọ. Ẹ fi ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tí ẹ gbàgbé láti lò kún un.

Wọ́n ti yọ apẹ́ńdíìsì mi, síbẹ̀ ìrora náà kò lọ. Ṣé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lásán ni?

Ó ṣeé ṣe. Inú rírun FMF jọ ti apẹ́ńdíìsì tó wú débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gba orí tábìlì iṣẹ́ abẹ kọjá kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Dókítà tó rí ikùn tó le, ibà tó ga àti sẹ́ẹ̀lì funfun tó pọ̀ ní ìdí tó fi gbé ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní FMF náà lè ní àrùn apẹ́ńdíìsì gidi, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí lé ara yín kúrò ní ilé ìwòsàn bí ìrora náà bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ti mọ̀.

Kí ló ń gbé e dìde?

Nígbà mìíràn, kò sí ohun tí a lè tọ́ka sí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣàkíyèsí pé àárẹ̀ púpọ̀, àìsùn, ìrònú, òtútù, àrùn mìíràn bí ọ̀fìnkìn, ìrìn tàbí ìdúró gígùn, àti ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá sún mọ́ máa ń gbé e dìde. Ẹ lo ìwé yín láti mọ ti ara yín. Ẹ má wá torí ìyẹn sá fún gbogbo ayé. Oògùn ló ń dá a dúró.

Oògùn wo ni?

Colchicine ni. Ara ewéko olódòdó kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, àwọn tó ní àrùn gáútì sì ti ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1972, Stephen Goldfinger kọ lẹ́tà kúkurú nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà pé àwọn aláìsàn FMF tó ń lò ó lójoojúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ibà náà mọ́. Láti ìgbà náà, òun ni oògùn àkọ́kọ́ fún un.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, títí ayé. Àgbàlagbà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 mg sí 1.5 mg lóòjọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kì í sábà kọjá 0.5 mg níbẹ̀rẹ̀, èyí tó wà láàárín 5 sí 10 lè lo 0.5 mg sí 1 mg. Bí ibà náà bá ṣì ń dìde, dókítà lè fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi kún un fúnra yín. Colchicine jẹ́ oògùn tí àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń woni àti ìwọ̀n tó ń pani kò tóbi. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Bí ọmọ bá gbé e mì, ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni, ẹ má dúró wo bóyá yóò bì í.

Ó ti pẹ́ tí ibà náà ti ṣe mí kẹ́yìn. Ṣé kí n dá oògùn dúró?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró. Bí ẹ kò bá ka ìdáhùn mìíràn níhìn-ín, ẹ ka èyí.

Ibà àti ìrora la máa ń rí. Èyí tí a kì í rí ni pé nígbà kọ̀ọ̀kan tí ara bá gbóná bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ máa ń da pròtéènì kan tó ń jẹ́ SAA sínú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Lára àwọn kan, kódà nígbà tí wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, SAA náà kì í wálẹ̀ tán. Bó bá ń bẹ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, á máa gbára jọ sínú kíndìnrín gẹ́gẹ́ bí èròjà líle tí ara kò lè túká. Amyloidosis ni wọ́n ń pè é. Kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, pròtéènì á máa bá ìtọ̀ jáde, lẹ́yìn náà kíndìnrín á dáṣẹ́ sílẹ̀. Kì í dunni. Ìgbà tí ojú bá ń wú láàárọ̀ tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń wú lálẹ́, nǹkan ti lọ jìnnà. Àwọn díẹ̀ tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé àìsàn kíndìnrín yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rí, tí ibà kò tíì ṣe wọ́n rí.

Kí colchicine tó dé, ohun tó ń pa àwọn tó ní FMF nìyí. Ìwádìí kan tó jáde láti Ísírẹ́lì ní 1986 tẹ̀ lé àwọn aláìsàn 1,070 fún ọdún púpọ̀. Nínú àwọn 906 tí kíndìnrín wọn ṣì dára níbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ń lo oògùn déédéé, ẹni 4 péré ni pròtéènì wá hàn nínú ìtọ̀ wọn. Nínú àwọn 54 tó jẹ́wọ́ pé àwọn kò lò ó bó ṣe yẹ, 16 ni. Ẹ fi iye méjèèjì wéra. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ kankan lórí àìsàn yìí tó lágbára jù ú lọ.

Nítorí náà, oògùn yìí, fún ọjọ́ tí ara yá ni. Ẹ so ó mọ́ ohun kan tí ẹ kì í gbàgbé láti ṣe, bí ìfọyín àárọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ti ọjọ́ kejì, ẹ má lo ìlọ́po méjì. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò fún pròtéènì, kí wọ́n sì yẹ CRP tàbí SAA, iṣẹ́ kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ mú àyẹ̀wò ìtọ̀ yẹn lókùn-únkúndùn, kò gbà ju ife kékeré kan lọ.

Ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún mi. Mo lè jáwọ́?

Ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó jáwọ́. Ohun tó wọ́pọ̀ ni, pàápàá níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, wọ́n lè dín in kù fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e padà sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì lè ní kí ẹ yẹra fún wàrà fún sáà kan, nítorí ó máa ń ṣòro fún ìfun àwọn kan láti da wàrà nígbà tí wọ́n bá ń lo colchicine. Ọ̀pọ̀ ló máa ń mọ́ lára.

Bí iṣan ara bá ń rọ̀, tí apá tàbí itan kò lágbára mọ́, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ tètè lọ, pàápàá bí kíndìnrín yín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa.

Oògùn wo ni kò gbọdọ̀ pàdé colchicine?

Clarithromycin ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n máa ń kọ fún ọ̀fun tàbí àyà ni, ó sì ń dí ọ̀nà tí ara fi ń lé colchicine jáde, débi tí ìwọ̀n tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ lè di májèlé. Erythromycin wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ketoconazole àti itraconazole tó ń pa olú ara, cyclosporine tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù, àti verapamil pẹ̀lú diltiazem tó wà fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Èso grapefruit náà ń ṣe díẹ̀ nínú irú rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn tàbí ilé oògùn yòówù tí ẹ bá dé, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ yín jẹ́ pé, “Mò ń lo colchicine lójoojúmọ́.”

Bí colchicine kò bá ràn án ńkọ́?

Kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ bi ara yín tọkàntọkàn bóyá ojoojúmọ́ lẹ ń lò ó. Ṣùgbọ́n lóòótọ́, ìwọ̀nba àwọn kan wà, bíi 5 sí 10 nínú 100, tí kò tó fún, tàbí tí ara wọn kò gbà á. Fún wọn, abẹ́rẹ́ tó ń dí interleukin-1 lọ́wọ́ wà. Anakinra jẹ́ abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ lábẹ́ awọ. Canakinumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún FMF ní 2016, sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n ṣiṣẹ́ gan-an, wọ́n sì wọ́n gan-an, àrùn tí kòkòrò ń fà sì lè tètè ranni nígbà tí a bá ń lò wọ́n. Wọ́n sábà máa ń ní kí aláìsàn ṣì mú colchicine mọ́ ọn nítorí kíndìnrín.

Ó ti dìde báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀, ẹ máa lo colchicine yín bí ẹ ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀. Fífi kún un lọ́jọ́ yẹn kì í sábà dín ìrora náà kù. Paracetamol ń mú ibà wálẹ̀, àwọn oògùn bí ibuprofen tàbí naproxen sì máa ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìrora àti wíwú, ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ní ìṣòro kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n láìbéèrè. Ooru omi gbígbóná nínú rọ́bà lórí ikùn tàbí oríkèé ń tu àwọn kan lára.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn bí ó bá kọjá ọjọ́ mẹ́ta, bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, bí èémí bá ń há, bí ìrora náà bá gba ọ̀nà tí kò gbà rí, tàbí bí kórópọ̀n ọmọkùnrin bá wú. FMF lè fa èyí tó kẹ́yìn yẹn, ṣùgbọ́n kórópọ̀n tó lọ́ pọ̀ náà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí díẹ̀.

Ṣé mo lè bímọ? Ṣé mo lè lóyún nígbà tí mò ń lo oògùn yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni, sí ìbéèrè méjèèjì. Ìmọ̀ràn àwọn amòye láti ìgbà pípẹ́ wá ni pé kí obìnrin máa bá colchicine lọ kó tó lóyún, nínú oyún, àti nígbà tó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Àìlò ó ló léwu jù, nítorí bí FMF bá dìde nínú oyún, tí awọ inú ikùn sì wú, ó lè fa ìbímọ àìpé ọjọ́ tàbí oyún bíbàjẹ́. Ọkùnrin náà kò ní láti dá a dúró torí pé ó fẹ́ bímọ. Ó ṣọ̀wọ́n kó dín àtọ̀ kù, bí dókítà bá sì rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Kí ni kí n sọ fún ilé ìwé ọmọ mi?

Kí ẹ sọ ọ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ mú ìwé dókítà lọ tó sọ pé ọmọ yìí lè pàdánù ọjọ́ kan sí mẹ́ta láìròtẹ́lẹ̀, pé kì í ràn, àti pé bí ara rẹ̀ bá yá, ó lè sáré, ó lè gbá bọ́ọ̀lù bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò tó tún ń ṣeré lọ́jọ́ Ajé máa ń dà bí onírọ́ lójú olùkọ́ tí kò mọ̀.

Wọ́n ní mò ń ṣe àṣejù, pé kò sí ohun tó ń ṣe mí.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun àwọn tó ní FMF nígbà míì ju inú rírun lọ, mo sì gbà pé ó yẹ kó dùn wọ́n. Àìsàn tó ń lọ kí èsì àyẹ̀wò tó jáde máa ń mú kí wọ́n rò pé èèyàn ń díbọ́n. Bí ẹ bá ní CRP tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tó dìde, ẹ fi pa mọ́, kí ẹ fi han ọkọ, aya, ọ̀gá ibi iṣẹ́. Àwọn tó bá sì ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ní in, ẹ má bi í pé “Ṣé ó tún ti dé?” Ẹ bu omi fún un, ẹ gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ẹ jẹ́ kí yàrá rẹ̀ dákẹ́.

Ṣé FMF nìkan ni irú ibà yìí tó wà?

Rárá o. Bí ibà náà bá máa ń lé ní ọ̀sẹ̀ kan, tí ìrora ń rìn nínú iṣan, tí ẹ̀gbẹ́ ojú sì ń wú, wọ́n á ronú kan àìsàn àjogúnbá mìíràn tó ń jẹ́ TRAPS. Wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1982 nínú ìdílé kan tó tan mọ́ Ireland àti Scotland, òbí kan ṣoṣo sì tó láti fi jogún rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan, tó ń lo ọjọ́ mẹ́ta sí méje, tí kókó ọrùn ń wú, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára sì ń gbé e dìde, ó lè jẹ́ àìsàn jíìnì MVK. Bí òtútù bá ń jẹ́ kí ara sú, tí etí sì ń di bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ẹ béèrè nípa CAPS. PFAPA náà wà, tó máa ń mú ọmọdé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà síra, pẹ̀lú egbò ẹnu àti ọ̀fun dídùn. Ìyẹn kì í ṣe ti jíìnì kan pàtó, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì máa ń dàgbà kúrò nínú rẹ̀.

Ṣé ẹni tó ní in lè dàgbà, kó darúgbó?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bó bá ń lo oògùn rẹ̀, tí kíndìnrín rẹ̀ sì wà lálàáfíà.

Mo fẹ́ rìnrìn àjò jìnnà. Kí ni kí n mú dání?

Oògùn tó lé díẹ̀ ju iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò lọ, nínú àpò tó wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe èyí tí ẹ fi sínú ẹrù. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni, ó gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tútù, 2°C sí 8°C, kó má sì di yìnyín. Ẹ gba ìwé kan lọ́dọ̀ dókítà tó sọ orúkọ àìsàn náà, ìwọ̀n oògùn yín, bó ṣe máa ń ṣe yín àti ohun tó máa ń ràn án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ clarithromycin sínú rẹ̀ ní gàdàgbà pé wọn kò gbọdọ̀ fún yín, kí dókítà tí kò mọ̀ yín rí lè rí i kó tó kọ oògùn kankan.